Yẹ̀pẹ̀ Dúdú Tí Àbúrò Ìyá Mi Gbé Wálé

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ orí rẹ̀, ó wọ ibẹ̀ nìyẹn. Típà ló ń wà, ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ra, tí yóò wúkọ́ wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú kó tó gbà láti gbéra láàárọ̀. Kò ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Bí o bá bi í pé ibo ló já yẹ̀pẹ̀ sí lọ́jọ́ tí òjò ńlá ya òrùlé ọjà lọ́dún tó kọjá, yóò wòkè díẹ̀, yóò ní, "Ilé alágbẹ̀dẹ tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Ìrìn méjì. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n má dà á lé òdòdó òun lórí." Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Oníyè, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn mìíràn rò pé òun ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ìyá mi ló tọ́ ọ. Ọdún méjìlá ni ìyá mi fi jù ú lọ, nígbà tí àwọn òbí wọn sì kú tẹ̀léra, kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa. Ẹ̀yìn ìyá mi ló ti mọ ayé. Níwájú àlejò, "Ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè é. Bó bá ku àwa mẹ́ta, "Ìyá mi" ni.

Aránṣọ ni ìyá mi, èmi náà sì ń bá a rán an. Ilé kékeré tí à ń gbé, abẹ́rẹ́ ló fi kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn yàrá kan, láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Àléébù kan ṣoṣo ni ilé náà ní: ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan, àgbàlá wa á di adágún, àwọn oníbàárà á máa ká ṣòkòtò sókè, wọn á máa fò láti orí bíríkì kan bọ́ sórí èkejì, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á sì máa wò wọ́n.

"Oníyè," ni ìyá mi máa ń wí, "gbogbo ayé lò ń gbé yẹ̀pẹ̀ fún, àfi èmi. Ṣé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá mi. Èyí tó dára ni mò ń wá fún yín. Mi ò ní kó amọ̀ lásán wá sílé yín."

Ó rí èyí tó dára lóòótọ́. Wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun kan lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù tó wà létí omi, níbi tí wọ́n ti máa ń tú ẹrù tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé nínú àpótí onígi. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde dúdú, ó rọ̀, ó sì ń ta sánsán bíi ti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ. Ìrìn mẹ́rin ló gbé wá fún wa. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pàù.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Tanpẹ́pẹ́ lásán ni. Wọ́n ní kí n kú iṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àgbàlá tó ti ga tó ti ẹlòmíì, ó ní, "Ilẹ̀ ò ní jìn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láé, àbúrò mi." Oníyè dáhùn pé àṣẹ.

Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí òkìtì àkọ́kọ́. Ó wà lẹ́bàá ògiri, ó ga tó àwo ọbẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, kò sì ní ihò kankan lókè. Mo fi igi tọ́ ọ. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ti pọ́n, wọ́n ń ya jáde bí omi tó ń hó, àwọn èèrà kéékèèké pupa rúsúrúsú, wọ́n ti ń gun igi náà bọ̀ wá síbi ọwọ́ mi. Mo jù ú nù. Mẹ́ta pere ló ti débẹ̀ kí n tó jù ú, síbẹ̀ ọwọ́ mi ta mí títí di alẹ́ bí ẹni pé mo fi kan ẹ̀yinná. Lọ́jọ́ kejì, ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wú, ọyún funfun sì wà lórí wọn bí orí ìṣáná.

Àwa mọ tanpẹ́pẹ́. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n tanpẹ́pẹ́ tiwa, bó bá ta ọ́, o ṣépè, o yún ara, o gbàgbé. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, ó ní, "Àjòjì lèyí." Láti ọjọ́ náà la ti ń pè wọ́n ní tanpẹ́pẹ́ àjòjì.

A da omi gbígbóná sí òkìtì náà. Ó kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, òkìtì mẹ́ta yọ níbòmíràn. A da eérú, a da kẹrosíìnì, a da omi ọṣẹ. Ńṣe ló dà bíi pé à ń pè wọ́n wá jẹun. Adìyẹ aládùúgbò wa pa ọmọ mẹ́jọ lẹ́bàá ògiri. Ìyá wọn nìkan ló kù nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, iná lọ nílé wa nìkan, gbogbo àdúgbò sì ní iná. Oníná wá, ó ṣí àpótí iná ara ògiri, òkú èèrà sì dà sílẹ̀ ṣàà bí ọkà tí àpò rẹ̀ ya. Ó fò sẹ́yìn.

"Màmá," ó ní, "mo ti bá eku níbí, mo ti bá ọmọńlé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí èèrà ti ń ṣèpàdé nínú iná."

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó jókòó sí i, ó ń gbọn àkéte, ó ń gbọn bàtà, ó sì ń yẹ inú aṣọ oníbàárà wò kó tó fi lélẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn mú. Ìyá mi jáde lọ ká aṣọ oníbàárà kan tó fọ̀ tó sá sórí okùn. Sálúbàtà ló wọ̀. Ojú rẹ̀ wà lókè, lára aṣọ, kò wo ilẹ̀. Òkìtì kan ti yọ sábẹ́ okùn náà láàárín àná sí òní, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìwà èèrà yẹn tó burú jù nìyí: wọn kì í ta ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn á rọra máa gùn ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ̀ wá kí ọ, o ò ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ogunlọ́gọ̀ wọn bá ti dé orúnkún ni wọn á tó ta ọ́ pa pọ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ló pàṣẹ.

Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi aṣọ oníbàárà gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo tú aṣọ ìdí rẹ̀ níta gbangba, mi ò ro ti ìtìjú, mo ń fi ọwọ́ gbọn wọ́n dànù, wọ́n ń ta èmi náà. Mo fà á wọlé, mo da omi sí i lẹ́sẹ̀.

"Ó ti tán," ó ní, "má pariwo mọ́. Bá mi mú gíláàsì ojú mi wá."

Kí n tó mú gíláàsì náà dé, ètè rẹ̀ ti wú. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Ó ní ọ̀fun òun ń dí. Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wò mí, mímí rẹ̀ sì ń súfèé.

Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ọlọ́run ló ní kí Oníyè yà sílé wa lọ́sàn-án yẹn kó mu omi. Ó gbọ́ ariwo mi láti inú ọkọ̀, kò tilẹ̀ pa á. Ó wọlé, ó rí ojú ìyá mi, kò bèèrè nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sáré jáde. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí yẹ̀pẹ̀ máa ń wà, nítorí kò sí àyè níwájú. Mi ò mọ̀ pé típà yẹn lè sáré bẹ́ẹ̀. Ó ń fọn fèrè láìdáwọ́dúró, àwọn ènìyàn ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo di irin mú, mo ń gbàdúrà, ẹnu mi sì kún fún eruku.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan gún un lábẹ́rẹ́ ní itan láì dúró bèèrè ohunkóhun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi fa èémí gígùn kan. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Dókítà jáde sí wa. Ó ní ara ìyá mi kò gba oró èèrà yẹn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé títa tí wọ́n ti ń ta á díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló sọ ara rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. "Bí wọ́n bá tún ta á, ó lè má dúró de mọ́tò," ó ní. "Ibo lẹ ti kó irú èèrà yìí gan-an? Ẹni kẹrin tí mo máa rí lóṣù yìí nìyí."

Mo sọ pé àgbàlá wa ni. Mo wo Oníyè, mo rí i pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ tó gbá pàù lọ́jọ́ tó ń tẹ́ yẹ̀pẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Wọ́n dá ìyá mi dúró di ọjọ́ kejì. Ó padà sílé, ó ń rìn bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi, kò sì jáde sí àgbàlá mọ́. Oníyè ní tirẹ̀ kò wá. Ẹni tí kì í ṣe ọjọ́ méjì kó má wá mu omi nílé wa, ó di ọ̀sẹ̀ kan a ò rí i. Ìyàwó rẹ̀ fóònù mi pé kì í jẹun, pé bó bá délé, ńṣe ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ẹ jà ni?" Mo ní rárá.

Ọjọ́ kọkànlá tó jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló dé. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú.

"Ìyá mi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé wọn wá. Inú yẹ̀pẹ̀ yẹn ni wọ́n wà."

Ìyá mi gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Oníyè ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ tán kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí a gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, òun padà lọ sẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù. Òun kò sọ̀kalẹ̀ láti wo ilẹ̀ ibẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á bù ú sí ọkọ̀ òun, òun á sì wakọ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn òun sọ̀kalẹ̀. Òkìtì wọn tò lọ níbẹ̀ bí ebè. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń ta wá."

Ìyá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Yẹ̀pẹ̀ tí o gbé wá, o ò mọ̀. Mi ò lè bá ọ jà lórí ìyẹn, èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o gbé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí ńkọ́? O mọ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí òjò bá dé, á gbá wọn lọ."

"Ilé mélòó lo gbé e lọ?"

"Mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú èyí." Kò tilẹ̀ ronú. Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo gbé lẹ́yìn tí mo ti mọ̀. Wọ́n ti ń pè mí láti oṣù tó kọjá. Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa fún wọn. Mo bu èyí tí ó jìnnà sí àwọn òkìtì, mo fojú wá inú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan."

"Àwọn wo ló ń pè ọ́?"

"Jẹ́léósinmi tó wà lójú ọ̀nà ilé epo. Wọ́n ní àwọn ọmọ ò rí ibi ṣeré."

Mi ò rí ìyá mi kó bínú bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ohùn sókè. Ó dìde, ó wá gèlè rẹ̀, ó wé e. Ó wọ bàtà bọ̀ọ̀lù mi àtijọ́, ó so okùn rẹ̀ le.

"Gbé mọ́tò," ó ní.

"Ìyá mi, dókítà ní kí ẹ má—"

"Mo ní kí o gbé mọ́tò."

Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ náà sábẹ́ jangilọ́fà, wọ́n tẹ́ ìdajì rẹ̀, ìdajì ṣì wà ní òkìtì ńlá kan tí àwọn ọmọ ń gùn. Àmọ́ aago méjì ni a débẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní nínú kíláàsì, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n jí wọn láti lọ ṣeré. Oníyè rìn lọ síbi yẹ̀pẹ̀ náà, ó fi igi tọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì padà sẹ́yìn. Kò ní láti sọ ohun tó rí fún wa.

Ìyá olùkọ́, obìnrin gíga kan tó há ẹfun ìkọ̀wé kan sétí, jáde wá bi wá léèrè ohun tí a ń fẹ́. Ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, ẹsẹ̀ tó ṣì kún fún ojú egbò láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún.

"Ohun tó ṣe èyí wà nínú yẹ̀pẹ̀ tí àbúrò mi gbé wá fún yín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ kankan jáde."

Ìyá olùkọ́ wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. Ó ní, "Àwọn méjì ti ní irú rẹ̀ lánàá. Mo rò pé ooru ni." Ó wọlé, a sì tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kékeré kan tó sùn sítòsí ògiri, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan ti wú pa. Oníyè rí i. Ó jáde, ó lọ dúró lẹ́yìn típà rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sunkún bí ọmọdé, àgbà ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ìyá mi kò lọ bá a. Ó jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí àwọn òbí fi wá kó ọmọ wọn, tí wọ́n ń gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lórí èjìká.

Ìyá olùkọ́ ló pe ọ́fíìsì iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹni tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin kúkurú kan tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, tó wọ bàtà rọ́bà tó fi páúdà ọmọdé kùn yíká lóde. Ó ní ẹsẹ̀ èèrà kì í ràn mọ́ páúdà. Ó ní omi gbígbóná àti kẹrosíìnì tí a ń dà, ńṣe la ń lé wọn kiri. Ìyá wọn wà nísàlẹ̀ jíjìn, òun ló ń bí wọn. Bí kò bá kú, asán ni. Oògùn kan wà tí a pò mọ́ oúnjẹ. Àwọn èèrà fúnra wọn ni yóò gbé e lọ fún un. "Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó bá wà ládùúgbò ló gbọ́dọ̀ wọ́n ọn lọ́sẹ̀ kan náà," ó ní. "Bí ẹnì kan bá kọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti padà wá bá yín."

Ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní, "Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó wo Oníyè. "Ẹ bá mi mú ìwé àkọsílẹ̀ yín."

"Mi ò ní."

"Báwo la ṣe máa mọ ibi tí ẹ já wọn sí?"

Oníyè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Ó ka àwọ̀ géètì, ó ka iye ìrìn, ó ka ilé tí ajá wà àti ilé tí kò sí, ó sọ ẹni tó fún òun lómi mu àti ẹni tó bá òun jà. Obìnrin náà ń kọ ọ́, nígbà tó yá ó dáwọ́ dúró, ó ń wò ó, ó tún ń kọ lọ. Ìgbà tó ka ti mọ́kàndínlógún tán, obìnrin náà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ káàkiri. Obìnrin náà ní kì í ṣe dandan kí Oníyè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó ṣáà fi ilé hàn án. Oníyè kọ̀. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn, òun ló sì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, "Èmi ni mo gbé yẹ̀pẹ̀ wá fún yín. Èèrà wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó."

Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Alágbẹ̀dẹ oní géètì aláwọ̀ ewé yẹn, tí òun náà tún gbà nínú yẹ̀pẹ̀ dúdú náà, rẹ́rìn-ín, ó rò pé àpárá ni, lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè tó fi ohun tó ti ń yún un láti oṣù kan hàn wá. Onílé kan bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún àwọn ayálégbé òun. Obìnrin ọ́fíìsì náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan ti da epo mọ́tò sí òkìtì, ó ṣá iná sí i, ó sì ti jó ilé ìdáná ara rẹ̀. Obìnrin kan tí èèrà pa ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gbọ́ ọ̀rọ̀ Oníyè tán, ó wọlé, ó gbé omi àwo fífọ̀ jáde, ó dà á sí i lára látòkè délẹ̀.

Oníyè nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Ṣé a lè wo àgbàlá yín báyìí?"

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo ń bínú, mo ní obìnrin yẹn kò ní ìwà. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Oòrùn mú, omi náà sì tutù." Èyí nìkan ni àwàdà tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Nínú ilé mọ́kàndínlógún, mẹ́rìnlá ni wọ́n rí èèrà níbẹ̀. Oògùn náà kò tó nígbà tó yẹ kó tó. Nígbà tí èyí tó kù fi dé, àwọn èèrà ti kọjá sí òpópónà mẹ́ta mìíràn. Òjò dé, a sì rí ohun tí a kò rí rí: wọ́n so ara wọn pọ̀ bí ẹní, wọ́n ń léfòó lórí omi àgbàrá, ìyá wọn láàárín, wọ́n ń wá ibi gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin jẹ́léósinmi yẹn yá, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ mú un kúrò níbẹ̀. Ọ́fíìsì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní kí Oníyè má gbé yẹ̀pẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi yẹ gbogbo ibi ìgbẹ́lẹ̀ wò. Òkúta ló ń gbé báyìí, àti bíríkì. Àwọn kan ò pè é ní Oníyè mọ́. Bàbá Tanpẹ́pẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sọ ọ́ sétí rẹ̀.

Ìyá mi ní láti kúrò nílé tó fi abẹ́rẹ́ kọ́. Dókítà ló sọ ọ́ láìfi bò. A gba yàrá méjì ní àjà kẹta ilé kan tí kò ní àgbàlá rárá. Lọ́jọ́ tí a ń kó lọ, Oníyè wá pẹ̀lú típà. Láti ọjọ́ jẹ́léósinmi, ìyá mi kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó ju "o káàárọ̀" lọ. Nígbà tí a dé ilé tuntun náà, Oníyè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá mi wí.

Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, mo rí i bí o ṣe ń rìn. Di apá kan mú, kí ọmọ yìí di èkejì."

Báyìí ni èmi àti òun ṣe gbé e dé òkè, à ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ń tẹ̀ lé wa, ó ń pàṣẹ bí a ó ṣe yí i. Ìgbà tí a dé òkè, ó bu omi fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni. Ìyá mi kò lo ọ̀rọ̀ náà rí, Oníyè náà kò sì bèèrè.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Abẹ́rẹ́ oògùn kan tí dókítà fún un wà nínú àpò ìyá mi níbikíbi tó bá ń lọ, òmíràn wà lórí fìríìjì. Ó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn nítorí àtẹ̀gùn. Àgbàlá wa àtijọ́ ti mọ́ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n tún rí òkìtì méjì níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Oníyè wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí obìnrin ọ́fíìsì iṣẹ́ ọ̀gbìn pè é. Wọ́n ti rí wọn ní òdìkejì odò, ní ibi tí típà rẹ̀ kò dé rí. Obìnrin náà kò mọ ẹni tó gbé wọn débẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún òun, pé bóyá wọ́n á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Oníyè gbé fóònù kúrò létí, ó wo ìyá mi.

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi lèyí," ó ní.

"Mo gbọ́," ni ìyá mi dáhùn. Ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò wòkè. "Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì fi ẹnu ṣòkòtò rẹ bọ inú rẹ̀. Tètè máa lọ kí oòrùn tó wọ̀."

Ó dìde, ó lọ. A gbọ́ tí ọkọ̀ náà ń wúkọ́ nísàlẹ̀ kó tó gbéra.